Gíráǹtì fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́: owó tí gbogbo wa ń gbọ́ nípa rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fojú rí

Bí ìròyìn bá ti jáde lórí rédíò n'Íbàdàn pé àjọ kan ti gbé mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún oúnjẹ àti ìtọ́jú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ẹ máa gbọ́ ohun tí àwọn tó ń pe ètò náà lórí fóònù máa sọ. Ẹnì kan á ní àwọn olóṣèlú ti pín in tán. Ẹlòmíì á béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Ìyá kan á ní ìbejì lòun bí, ṣé wọ́n máa fún òun ní ti ọmọ méjì? Atọ́kùn ètò á rẹ́rìn-ín, á ní "Màmá, ẹ ṣe sùúrù ná," á sì sáré fi ìpolówó sí i.

Kò sí èyí tó burú nínú àwọn ìbéèrè náà. Ẹni tó ń ka ìròyìn ọ̀hún gan-an kì í sábà mọ ìyàtọ̀ láàárín owó tí wọ́n fún wa, owó tí a yá, àti èyí tí wọ́n kàn ṣèlérí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní gíráǹtì?

Gíráǹtì ni owó tí ẹnì kan tàbí àjọ kan fún àjọ mìíràn láti fi ṣe iṣẹ́ kan pàtó, tí kò sì ní gbà á padà. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fúnni ni a gbọ́dọ̀ fi í ṣe. Àjọ, ilé ìwé, ilé ìwòsàn tàbí ìjọba ni wọ́n sì sábà máa ń fún, kì í ṣe èèyàn kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ọmọ tó wà ní Kánádà, tó fi owó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Olódó pé kó fi kan páànù sórí ilé tí wọ́n ń kọ́. Ọmọ náà kò retí kí bàbá dá owó padà. Síbẹ̀, bàbá kò gbọdọ̀ mú nínú rẹ̀ ra màlúù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe òkú àna rẹ̀. Ọmọ náà kò sì ní fi gbogbo owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Á kọ́kọ́ fi ti igi àjà ránṣẹ́, á ní kí wọ́n ya fọ́tò igi náà sí òun lórí WhatsApp, kó tó fi ti páànù tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tó bá gbọ́ pé owó ti gba ibòmíràn lọ, ó tán nìyẹn. Bí gíráǹtì ṣe ń rìn gẹ́lẹ́ nìyí, àfi pé ìwé tí ẹni tó gbà á máa kọ pọ̀ ju fọ́tò lọ.

Sàráà yàtọ̀ sí i. Ọlọ́rọ̀ tó pín ìrẹsì fáwọn aláìní kò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe sè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú jù ni ti Báńkì Àgbáyé. Ní 2018, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò kan tí wọ́n ń pè ní ANRiN, láti gbógun ti àìjẹunrekánú láàárín àwọn aboyún, àwọn abiyamọ àti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìpínlẹ̀ 12 ni wọ́n mú, Ọ̀yọ́ sì wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n kà sí i jẹ́ mílíọ̀nù 232 dọ́là. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 225 nínú rẹ̀ jẹ́ owó yíyá, tí Nàìjíríà máa san díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mílíọ̀nù 7 péré ni gíráǹtì. Nígbà tó fi máa dé etí ará ọjà, gbogbo rẹ̀ ti di "owó tí Báńkì Àgbáyé fún wa." Ọmọ tí wọ́n ń torí rẹ̀ yá owó náà wà lára àwọn tó máa san án.

Ta ló ni owó náà?

Àwọn olówó ńláńlá kan wà tó kó owó jọ sójú kan, tí wọ́n fi dókòwò, tí wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ ṣàánú. Irú rẹ̀ ni Gates Foundation ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ náà sì ni àjọ aláàánú tí Aliko Dangote dá sílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí irú àjọ bẹ́ẹ̀ tó wà níbẹ̀ máa ná nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ní lọ́dọọdún. Nítorí náà, wọn kò lè jókòó lé owó, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ẹni tí wọ́n máa fún.

Ìjọba ilẹ̀ òkèèrè náà ń fúnni, láti inú owó orí àwọn ará ìlú wọn. UNICEF, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè fún àwọn ọmọdé, wá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọdún 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti bọ́ àwọn ọmọ tí Ogun Àgbáyé Kejì sọ di aláìní, kò sì sí orílẹ̀-èdè tó ń san owó dandan fún un. Ohun tí ìjọba, ilé iṣẹ́ àti àwọn èèyàn lásán bá fínnúfíndọ̀ dá ló ń ná. UNICEF ń gba gíráǹtì, ó sì tún ń fi ìrànwọ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ kéékèèké.

Ohun tó wà nídìí eléyìí yẹ kí ẹ fiyè sí. Bí àjọ kan bá fún UNICEF lówó, ó máa kéde rẹ̀. Bí UNICEF bá gbé owó yẹn kan náà wá sí ìpínlẹ̀, òun náà á kéde. Ìjọba ìpínlẹ̀ á ṣe ayẹyẹ, á tún kéde. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ gbọ́ owó ẹyọ kan, ẹ sì rò pé owó mẹ́ta ni.

Ẹ máa béèrè iye ọdún pẹ̀lú. Ní 2017, àjọ Dangote kéde mílíọ̀nù 100 dọ́là láti fi gbógun ti àìjẹunrekánú ní Nàìjíríà. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni wọ́n pín in sí, tó túmọ̀ sí mílíọ̀nù 20 lọ́dún kan, fún orílẹ̀-èdè tó ní ìpínlẹ̀ 36.

Èéṣe tó fi jẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n gbájú mọ́?

Nítorí pé àsìkò náà kì í padà wá. Àwọn onímọ̀ ìlera ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ̀rún ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn láti ìgbà tí oyún bá ti dúró títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì. Ìgbà yẹn ni ọpọlọ ń kọ́ ara rẹ̀, tí egungun ń nà. Ohun tó bá sọnù níbẹ̀, ó ṣòro kí oúnjẹ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó dá a padà.

Àìjẹunrekánú pín sí méjì tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ti ọmọ tó rù hangogo, tí gbogbo èèyàn rí i tí wọ́n sì ń káàánú. Èkejì ni ti ọmọ tí kò ga tó bó ṣe yẹ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ga, èyí kì í sì í hàn sójú. Wọ́n á ní ó gbé ìrísí bàbá rẹ̀. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba Nàìjíríà ṣe káàkiri ilé ní 2018, ọmọ 37 nínú ọgọ́rùn-ún tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti di 40.

Ẹ má ṣe rò pé ibi tí ìyàn ti mú nìkan lèyí wà. Ọmọ tó ń mu ògì lásán láàárọ̀, tó jẹ àmàlà àti ọbẹ̀ láìsí ẹja lọ́sàn-án, tó tún mu ògì lálẹ́, ebi kò pa á. Ikùn rẹ̀ yó, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò rí ohun tó máa fi kọ́ ẹran ara àti ọpọlọ. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ọjẹ, wọ́n wà ní Yemẹtù, wọ́n sì wà láwọn ilé aláràńbarà ní Akóbọ̀.

Kí ni wọ́n ń fi owó náà rà?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti rí ojú ọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí owó náà ń rà kò jọ owó.

Ẹ mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ. Téèpù pẹlẹbẹ kan báyìí ni, tó ní àwọ̀ mẹ́ta lára. Wọ́n á fi wọn apá òsì ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà sí ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Bí ó bá bọ́ sórí àwọ̀ ewé, tí apá náà tó sẹ̀ǹtímítà 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí wàhálà. Bí ó bá bọ́ sórí àwọ̀ ìyeyè, ọmọ náà fẹ́ àmójútó. Bí ó bá wà lórí pupa, tí kò tó 11.5, ẹ̀mí ọmọ náà wà nínú ewu, ìtọ́jú ló kàn. Téèpù ọ̀hún kò wọ́n rárá. Ohun tó wọ́n ni kí a kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí a wá owó ọkọ̀ fún wọn láti máa wọ ilé dé ilé, kí a sì ní ibi tí a máa gbé ọmọ tí tirẹ̀ bá pupa lọ.

Ọmọ tó wà lórí pupa tó sì lè jẹun lẹ́nu, oúnjẹ ìtọ́jú kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní RUTF. Ẹ̀pà lílọ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun, ṣúgà, òróró àti àwọn fítámì ni wọ́n pò pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 92, ó sì ní agbára kálórì 500. Kò fẹ́ omi, kò fẹ́ sísè, ọmọ á kàn máa lá a. Nǹkan bí páálí kan, tó ní ọ̀rá 150 nínú, ni ọmọ kan ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó bọ̀ sípò. Oògùn ni, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bisikíìtì. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń tà á lọ́jà, ẹnu ọmọ aláìsàn kan ni wọ́n ti yọ ọ́.

Fítámì A tún wà, tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti oṣù mẹ́fà títí kó fi pé ọdún márùn-ún. Gíráǹtì ló ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmú ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má fún un ní omi rárá. Ní 2018, ọmọ 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe pé ìyá kò gbọ́. Ó gbọ́ ọ nílé ìgbẹ̀bí, ó kọrin rẹ̀, ó tún jó sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ìyá ọkọ ti gbé omi gbígbóná àti àgbo kalẹ̀, kò sì sí ìyàwó ilé tuntun tó máa wo ojú ìyá ọkọ kó ní "Ẹ má fún un." Ní èrò tèmi, ètò tó bá ń ná owó lórí àwọn ìyá ọmọ nìkan, tí kò pe ìyá àgbà jókòó, ń da omi sínú agbọ̀n. Àwọn ètò tó gbọ́n máa ń pe ìyá ọkọ, wọ́n sì máa ń pe bàbá ọmọ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, sísè ló kù. Wọ́n á kó àwọn ìyá jọ, wọ́n á fi hàn wọ́n bí a ṣe ń po ẹ̀wà tàbí sóyà mọ́ ògì, bí a ṣe ń lọ edé tàbí ẹja gbígbẹ kúnná sínú oúnjẹ ọmọ, bí ẹyin kan ṣe lè dára ju oúnjẹ inú agolo lọ. Gbogbo ẹ̀ wà ní ọjà Bódìjà. Gíráǹtì máa ń sanwó fún ìwádìí pẹ̀lú. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà níbí n'Íbàdàn láti 1967, kópa nínú iṣẹ́ tó mú ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè jáde ní 2011, tí gààrí rẹ̀ pọ́n láìfi epo sí i, tó sì ní ohun tí ara ń sọ di fítámì A.

Èèyàn kan lè ní: kí ló dé tí wọn ò kàn ra mílíìkì ọmọdé, kí wọ́n pín in? Òfin ni. Láti 1981 ni ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ti fẹnu kò pé kí ilé iṣẹ́ mílíìkì má ṣe máa pín ọjà wọn lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn ìyá ọmọ. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990, NAFDAC ló sì ń mójú tó o. Ìdí rẹ̀ ni pé agolo àkọ́kọ́ ni ọ̀fẹ́. Kí ó tó tán, ọmú ìyá á ti gbẹ, agolo kejì á sì di ti owó.

Ṣé oúnjẹ nìkan tó?

Ó ti o. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, UNICEF àti Báńkì Àgbáyé jọ gbé ìlànà kan jáde tó ní ohun márùn-ún ni ọmọ wẹ́wẹ́ nílò: ìlera, oúnjẹ, ẹni tó ń dá a lóhùn, ààbò, àti àǹfààní láti kọ́ nǹkan. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń rí owó jẹ́lé-ó-sinmi àti owó oúnjẹ nínú gíráǹtì kan náà.

Ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀ wá láti Jàmáíkà. Láàárín ọdún 1986 sí 1987, wọ́n mú ọmọ 129 tí kò ga tó ọjọ́ orí wọn ní ìlú Kingston. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ afikún. Fún àwọn mìíràn, òṣìṣẹ́ ìlera ń wá sílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì, ó ń kọ́ ìyá bó ṣe lè bá ọmọ ṣeré kó sì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di ẹni ọdún 22, àwọn tí wọ́n bá ṣeré ń gba owó tó fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò rí i lọ. Oúnjẹ nìkan kò ṣe irú rẹ̀.

Fún ìyá tó ń tajà ní Gbági látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ náà kò ju pé ta ló ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Jẹ́lé-ó-sinmi tó jẹ́ pé ọmọ ogójì àti olùtọ́jú kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti mú kí gbogbo wọn sùn láti aago mẹ́wàá, ibi ìpamọ́ ọmọ ni. Gíráǹtì tó dáa máa ń sanwó olùtọ́jú kún un, á kọ́ wọn níṣẹ́, á ra ohun ìṣeré àti omi tó mọ́.

Èéṣe tí kì í fi dé ọwọ́ ìyá ọmọ?

Ẹ rántí owó páànù. Wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe sínú ìwé kí owó tó jáde, bí "owó fún ìyá kọ̀ọ̀kan" kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó bá pín in ti jalè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú ló ṣe é. Àwọn ètò kan wà lóòótọ́ tó ń fún ìyá lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á ti kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn èèyàn tún máa ń ráhùn pé owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ló gbé gbogbo rẹ̀. Níbí, mi ò fi gbogbo ara gbà. Ẹni tó ń wọn apá ọmọ, tó ń kọ́ ìyá ní ọ̀nà ìfọ́mọlọ́mú, òun gan-an ni iṣẹ́ náà. Kò sí bí ẹ ṣe máa gba ẹ̀kọ́ láìsan owó olùkọ́. Èyí tó yẹ kí a bi wọ́n ni ti ìpàdé ọjọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi jẹ ìrẹsì tí wọ́n sì pín báàgì. Ìyẹn, ẹ bi wọ́n dáadáa.

Dọ́là kan fún dọ́là kan

Ọ̀nà kan wà tí àwọn olùfúnni gbà ń fún ìjọba lọ́rùn kó lè mówó wá: bí o bá dá owó, èmi náà á dá. UNICEF àti àwọn alájọṣe rẹ̀, tí Gates Foundation wà nínú wọn, dá àpò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Child Nutrition Fund. Bí ìjọba bá fi dọ́là kan ra oúnjẹ ìtọ́jú bíi RUTF, àpò náà á fi dọ́là kan kún un. Bí ìjọba kò bá mú nǹkan wá, òfo ni.

Irú ètò kan náà wà nínú owó ẹ̀kọ́ tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìjọba nìyẹn. Òfin UBE ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Láti rí ìpín tó pọ̀ jù gbà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ mú iye tó bá a dọ́gba kalẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé owó kan wà nílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ kan kò gbà, kì í ṣe àkàwé. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Bí olùfúnni bá kógbá wọlé ńkọ́?

A ti rí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ sí òkèèrè dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, USAID, àjọ tí Amẹ́ríkà fi ń pín owó náà, ti kógbá wọlé. Àwọn ètò tó dá lórí owó náà pátápátá, wọ́n ń ka ọ̀rá RUTF tó kù nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá ti fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀, tó sì ti kọ ọ́ sínú ìṣúnà rẹ̀, kò kàn dojú dé bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí olùfúnni tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè láti ọjọ́ kìíní pé: ta ló máa gbà á lọ́wọ́ wa lọ́dún kẹrin?

Ta ló lè béèrè fún un?

Aládàáni tó ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Àgbowó, tó fi orúkọ okòwò ṣí i, ó ṣòro kí àwọn àjọ ńlá dá a lóhùn. Wọ́n ń wá àjọ tí kò sí fún èrè, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ní àwọn alágbàtọ́ (trustees), tó ní ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífi owó àìtọ́ ṣe àtúnlò, tó ní àkáǹtì ní orúkọ àjọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ní orúkọ ìyá olùdásílẹ̀, tó sì ní ìwé ìṣirò owó tí ẹlòmíràn ti yẹ̀ wò. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún ẹni kékeré ni kó dara pọ̀ mọ́ àjọ tó ti ní gbogbo ìwé yìí, kí jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti máa ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn líǹkì tó ń kiri lórí WhatsApp pé UNICEF ń pín gíráǹtì fún gbogbo abiyamọ, kí ẹ kàn tẹ nọ́ńbà BVN yín síbẹ̀. Irọ́ ni. Àjọ aláàánú gidi kì í gba owó fọ́ọ̀mù, kì í gba owó "ìṣètò," kì í sì í béèrè nọ́ńbà àṣírí báńkì. Bí àjọ kan bá dé àdúgbò yín tó ń gba orúkọ ọmọ, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé CAC, kí ẹ ní kí ọ̀dọ́ kan nínú ilé wá a lórí ìkànnì CAC. Ọ̀fẹ́ ni wíwá a. Kí ẹ sì lọ bi nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín bóyá ó mọ̀ wọ́n, nítorí pé ètò oúnjẹ ọmọdé tó jẹ́ ojúlówó gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.